Fẹ́ńsì Oníná fún Ajá Nílùú Èkó: Aláìníwáyà, Oníwáyà, àbí ti Sátẹ́láìtì?

Ajá mi ń jẹ́ Ṣebótimọ. Ìyá tó wà nílé kejì gbà pé òun ni mo ń fi orúkọ náà bá wí, nítorí náà, nígbàkígbà tí ajá bá já jáde tí mo bá ń pè é kiri àdúgbò, wàhálà méjì ni mo ń kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé wa wà lápá Ògùdù. Odi yí i ká, ó ga jù mí lọ, àfọ́kù ìgò sì wà lórí rẹ̀. Ajá yìí kò fo odi rí. Géètì ló ń bá jáde. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè níta, tí mégádì fa géètì sẹ́yìn, kí táyà iwájú tó wọlé, Ṣebótimọ ti dé ìdí ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní kọ̀rọ̀ òpópónà.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ibi tí ajá yín ń gbà jáde ni yóò sọ irú fẹ́ńsì tí ẹ máa rà. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ro ilé Èkó mọ́ ọn. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Richard Peck ló gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá (patent) fún un ní 1973, fún irú àdúgbò tí koríko ilé kan ti ń wọ koríko ilé kejì, tí kò sí odi láàrin wọn. Àwa ńkọ́? Kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ la ti ń mọ odi, kí ọmọ onílẹ̀ má baà tún ilẹ̀ náà tà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ yìí l'Ékòó, nǹkan tí wọ́n ṣe dípò odi ló ń rà, ó sì ti ní odi tẹ́lẹ̀.

Mo ti lo aláìníwáyà, mo ń lo oníwáyà lọ́wọ́, mo sì bá ẹ̀gbọ́n mi kan tọ́jú ti sátẹ́láìtì lóko rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tí ojú mi rí nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí.

Ohun tí gbogbo wọn jọ ní

Ẹ má fi í wé wáyà oníná tí wọ́n ń ta sórí odi ní Lẹ́kkí àti Màgódò nítorí olè. Ìyẹn, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná ń gbé. Nínú èyí tí à ń sọ yìí, kò sí iná lára odi, kò sí nínú ilẹ̀. Ọrùn ajá ni iná wà. Kọ́là kan ni, ó ní irin ṣóńṣó kéékèèké méjì tó ń kan awọ ara. Bí ajá bá sún mọ́ ààlà, kọ́là á kọ́kọ́ dún píí, àbí kó gbọ̀n. Bí ajá kò bá padà, iná á gbé e. Ẹ lè yan bí iná náà ṣe máa le tó, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gbà kí ẹ pa iná rẹ̀ pátápátá, kó ku ìró àti gbígbọ̀n nìkan.

Mo di kọ́là náà mú lọ́wọ́ ara mi kí n tó fi sí ajá lọ́rùn. Ní ìpele kìíní, ó dà bí kòkòrò tó ń rìn lára. Ní ìpele kẹta, bí ìgbà tí èèyàn fi ìgbọ̀nwọ́ gbá etí tábìlì. Ní ìkarùn-ún, mo ju kọ́là sílẹ̀, àwọn ọmọ sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di alẹ́. Ẹni tí kò bá lè dán an wò lára ara rẹ̀, kò yẹ kó fi kọ́ ajá lọ́rùn. Wales ti fòfin de kọ́là oníná fún ajá láti 2010, nítorí náà bí ọkàn yín kò bá gbé e, ẹ kì í ṣe ojo.

Aláìníwáyà: ó rọrùn títí ọkọ̀ fi wọlé

Páálí kan ni. Ìyá ẹ̀rọ kan àti kọ́là kan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ó ki ìyá ẹ̀rọ bọ iná nínú ilé, ẹ ó yí bọ́tìnnì rẹ̀ títí ìgbì rédíò tó ń fọ́n yóò fi dé ibi tí ẹ fẹ́. Kò sí gbígbẹ́ ilẹ̀, kò sí wáyà, kò sí gbígba àyè lọ́wọ́ láńdílọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá kó kúrò, ẹ ó fà á yọ, ẹ ó gbé e sínú báàgì. Ohun tó fà mí mọ́ra nìyẹn. Àárọ̀ Sátidé kan péré ni mo fi tò ó.

Róbótó ni ìgbì náà ń lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá ju òkúta sódò. Èyí tí ilé iṣẹ́ PetSafe ń tà látọjọ́ pípẹ́ lè nà dé 90 ẹsẹ̀ bàtà yíká ara rẹ̀, nǹkan bíi mítà 27. Wọ́n ní ó gba ìdajì éékà. Ìdajì éékà jẹ́ plọ́ọ̀tì Èkó mẹ́ta. Plọ́ọ̀tì tiwa tó péye jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní fífẹ̀ àti 120 ní gígùn. Bí ẹ bá gbé ìyá ẹ̀rọ sí àárín gbùngbùn, 30 ẹsẹ̀ bàtà péré ló kù kó kan odi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá dá ìgbì dúró síbẹ̀, òbìrìkítí yẹn á gba nǹkan bí 2,800 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóòró nínú 7,200 tí plọ́ọ̀tì jẹ́. Kò tó ìdajì, ilé fúnra rẹ̀ sì ti jókòó lé ibi tó dára jù nínú rẹ̀.

Ẹ lè ní, odi ṣáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìgbì kọjá sílé aládùúgbò, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Òótọ́ ni. Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn. Mo gbé ìyá ẹ̀rọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo na ìgbì rẹ̀ títí eteetí rẹ̀ fi já sí bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kó tó kan géètì, mo sì fi odi ṣe ìyókù. Mo ri àwọn àsíá funfun kéékèèké tó bá a wá mọ́lẹ̀ síbi tí kọ́là ti ń ké. Ó lọ geere. Inú mi dùn dé ìrọ̀lẹ́.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi dé pẹ̀lú Hilux rẹ̀, ó páàkì síwájú ilé. Mo tún gbé kọ́là rìn lọ síbi àsíá. Kọ́là ti ń ké kí n tó dé ibẹ̀, ó tó ìṣísẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Irin ni ọ̀tá ìgbì yìí. Ìwé tó wà nínú páálí sọ pé kí ìyá ẹ̀rọ wà ní ilẹ̀, kì í ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó sì jìnnà sí ohun onírin ńlá ní mítà kan ó kéré tán. Ẹ wo ilé yín yíká. Páànù lórí, irin olè lójú fèrèsé gbogbo, irin nínú òpó kọnkéré, firíjì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, táǹkì omi lórí ẹsẹ̀ irin, géètì fúnra rẹ̀. Àwọn èyí tó dúró lójú kan kò burú, ẹ lè wọn ààlà pẹ̀lú wọn. Èyí tó ń rìn ni wàhálà. Ọkọ̀ kan wọlé, ààlà sún. Ọkọ̀ jáde, ààlà padà. Ajá tó jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó mọ̀ pé kò léwu láàárọ̀, iná gbé e níbẹ̀ lálẹ́, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ṣebótimọ kọ̀ láti jáde kúrò nínú bàrándà rárá. Mo ká gbogbo rẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná, kí ẹ tó lọ síbòmíràn

Èyí kan aláìníwáyà àti oníwáyà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà kàn wọ́n yàtọ̀. Ti oníwáyà, bí iná bá lọ, wáyà á dákẹ́, ajá lè gba orí rẹ̀ kọjá, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Ti aláìníwáyà, ìgbì ni ibi àlàáfíà ajá. Kọ́là máa ń dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ń gbọ́ ọ. Bí NEPA bá wá mú iná lọ tí ìgbì náà sì pòórá lójijì ńkọ́? Àwọn kan ṣe kọ́là tiwọn kó mọ̀ pé ìyá ẹ̀rọ ló kú, kó sì dákẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn ayédèrú. Ẹ di kọ́là mú lọ́wọ́, kí ẹnìkan bá yín fa ìyá ẹ̀rọ yọ lára iná, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa ṣe. Ẹ má ṣe kọ́ èyí lára ajá.

Iná táwọn ẹ̀rọ yìí ń mu kò tó nǹkan. Bátìrì kékeré tí wọ́n ń fi sídìí Wi-Fi kí ó má baà kú bí iná bá lọ máa gbé e, bí fóltì wọn bá bá ara mu. Ẹni tó ní inverter kò níṣòro.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ṣájà rẹ̀ kí ẹ tó ki í bọ iná. Ará ilé kan ló bá mi gbé tèmi wá láti Amẹ́ríkà, ìdùnnú kò jẹ́ kí n ka nǹkan kan. 120V ni wọ́n kọ sí i lára, iná tiwa sì jẹ́ 230. Ó ta pẹ́pẹ́, òórùn rọ́bà tó ń jó gba pálọ̀ kan. Ọpẹ́ ni pé ṣájà nìkan ló kú, ìyá ẹ̀rọ yè é. Ní Alábà ni mo ti rí ṣájà míràn tó bá a mu. Bí ẹ bá rí 100–240V lára ṣájà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Oníwáyà: iṣẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ èdè géètì

Níbí, ìgbì ni èèwọ̀. Wáyà nìkan ló ń fọ́n ọn. Bí ajá bá jìnnà sí wáyà, kò gbọ́ nǹkankan; bó bá sún mọ́ ọn ni kọ́là á ké. Wáyà náà gbọ́dọ̀ jáde lára ìyá ẹ̀rọ, kó yípo, kó sì padà sára rẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí wọ́n so pọ̀ lórí méjèèjì. Bó bá já níbì kan, gbogbo rẹ̀ á kú, ìyá ẹ̀rọ á sì máa ké títí ẹ ó fi rí ibi tó ti já.

Ẹni tó bá fẹ́ yí gbogbo plọ́ọ̀tì ká yóò nílò 360 ẹsẹ̀ bàtà wáyà, nǹkan bíi mítà 110. Róòlù wáyà iná ilé tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sábà ju 100 yáàdì tàbí mítà 100 lọ, ẹyọ kan kò ní tó. Ẹ sì mọ̀ pé ojú ìsopọ̀ wáyà ni omi ń gbà wọlé. Téèpù dúdú lásán kò lè dúró de òjò oṣù kẹfà. Ìdérí ìsopọ̀ oní-gíríìsì ni kí ẹ wá, tí kò bá sí, ẹ fi sílíkóònù dí i dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ yí odi ká fún, nígbà tí ajá kò fo odi? Ẹnu géètì nìkan ni mo na wáyà tèmi sí, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ọ̀pọ̀ ará Èkó ti máa jèrè owó wọn. Bí a ṣe ṣe é nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe wáyáríǹgì fún wa gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìsì wá, ó la ilẹ̀ kọnkéré ẹnu géètì láti òpó kan dé ìkejì, jíjìn rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Ó tẹ́ wáyà sínú rẹ̀, ó fi sìmẹ́ńtì dí i. Ìyẹn ni wáyà àlọ. Ti àbọ̀, kò gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ padà, torí pé bí méjèèjì bá fara kan ara wọn, ìgbì wọn á pa ara wọn. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ni àyè tó kéré jù tó yẹ kó wà láàrin wọn. Nítorí náà, ó gbà á gòkè lára òpó, ó gba abẹ́ kọnkéré tó dábùú orí géètì, ó sì mú un sọ̀kalẹ̀ lódì kejì. Géètì wa ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, àyè tó.

Láti ibẹ̀ dé inú ilé wàyí? Àwọn wáyà méjèèjì ní láti rin ọ̀nà tí ajá ń gbà ṣeré kọjá, a kò sì fẹ́ kí iná gbé e níbẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí ẹ lọ́ àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra bí irun dídì, ó kéré tán ìlọ́ mẹ́wàá nínú ẹsẹ̀ bàtà kan. Ohun tó ń pa ìgbì wọn lẹ́nu géètì, ibí yìí la ti nílò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi orí díríìlì di ojú wáyà mú, ó tẹ díríìlì, ó lọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi ti ń rò pé ọwọ́ la máa fi ṣe é dalẹ́.

Ibi tí a ti ṣì í nìyí: a fi wáyà sún mọ́ géètì jù. Irin géètì gbà lára ìgbì náà, kọ́là kò ké títí imú ajá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìta. A tún ilẹ̀ là ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sínú. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ má baà san owó ìlalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bíi tèmi. Àǹfààní míràn wà nínú jíjìnnà sí géètì: ajá kì í tètè dúró. Bó bá ti gbéra sáré, ó nílò àyè láti gbọ́ píí náà, láti rò ó, kó sì tún yí padà.

Fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ interlock, iṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀, àlàfo àárín òkúta gba wáyà. Ẹ má ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà NEPA tàbí wáyà tó ti ìdí jẹnẹrétọ̀ wá. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Bí àrá bá sì ti ń sán, ẹ fa ìyá ẹ̀rọ yọ.

Àbúrò kékeré kan tún wà fún un: àwo pẹrẹsẹ kan tó ń lo bátìrì, tó ń fọ́n ìgbì róbótó kékeré, láti ẹsẹ̀ bàtà méjì dé nǹkan bí méjìlá. Nínú ilé ni wọ́n ń lò ó lókè òkun, kí ajá má baà gun ìjókòó. Ẹni tí géètì rẹ̀ kò fẹ̀, irú èyí tí ènìyàn nìkan ń gbà wọlé, lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láìla ilẹ̀. Ayálégbé ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ èyí fún.

Ti sátẹ́láìtì

Kò sí ìyá ẹ̀rọ nílé. Kọ́là fúnra rẹ̀ ló ń wá ibi tó wà láti ojú sánmà, bí fóònù yín ṣe ń ṣe é nígbà tí ẹ bá pe Bolt. Ẹ ó fi ìka fa ààlà sójú máàpù lórí fóònù, ó parí. Bí ẹ bá fẹ́ yí ààlà padà lọ́la, ẹ ó tún un fà.

Kò yẹ ilé inú ìlú. Lábẹ́ ojú ọ̀run gbangba, GPS fóònù lè ṣìnà ní nǹkan bíi mítà márùn-ún. Plọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní mítà 18, ẹ yọ márùn-ún lápá ọ̀tún, ẹ yọ márùn-ún lápá òsì, mítà mẹ́jọ ló kù, orí ilé yín ló sì bọ́ sí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé alájà mẹ́ta ti fẹnu ko ara wọn lẹ́nu lójú pópó tóóró, ìgbì á máa gbá ògiri kiri, kọ́là lè sọ pé ajá wà ní ilé tó dojú kọ tiyín nígbà tó ń sùn lábẹ́ àga.

Lóko ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Éékà méjì, plọ́ọ̀tì méjìlá, kò sí odi, igbó lẹ́yìn, odò lápá kan. Ibẹ̀ ni kọ́là yìí ti fi ara rẹ̀ hàn. Tani máa gbẹ́ ilẹ̀ yípo irú ibẹ̀ fún wáyà? Bí ajá tilẹ̀ fi mítà márùn-ún kọjá ààlà, inú igbó ló ṣì wà. Àléébù ibẹ̀ ni bátìrì: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi sí iná, ọjọ́ tí wọ́n bá sì gbàgbé, ajá á lọ kí àwọn ará abúlé. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ṣiṣẹ́, àti bóyá ẹ ó máa san owó lóṣooṣù. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, ààlà wà nínú kọ́là, ó máa ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wíwo ibi tí ajá wà lórí fóònù ló nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wíwò yẹn gan-an kì í ṣe nǹkan kékeré níbi tí àwọn kan ti ń pe ẹran ajá ní 404, tí wọ́n ń fi ata jẹ ẹ́.

Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Aláìníwáyà | Oníwáyà | Sátẹ́láìtì |
|---|---|---|---|
| Bí ààlà ṣe rí | Róbótó, ó ń sún díẹ̀díẹ̀ | Bí ẹ bá ṣe ta wáyà | Bí ẹ bá ṣe fà á lórí fóònù, ó lè ṣìnà ní mítà bíi márùn-ún |
| Ọ̀tá rẹ̀ | Irin, pàápàá ọkọ̀ | Omi lójú ìsopọ̀, ṣọ́bìrì ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà | Ilé gíga, bátìrì tó kú |
| Bí iná bá lọ | Ẹ dán an wò lọ́wọ́ yín | Ó dákẹ́ | Kò kàn án, bí kọ́là bá ti mu iná yó |
| Iṣẹ́ títò | Wákàtí díẹ̀ | Ọjọ́ kan fún géètì, ó lè tó mẹ́ta fún gbogbo odi | Ìṣẹ́jú díẹ̀ |
| Bí ẹ bá kó kúrò | Ó ń tẹ̀ lé yín | Wáyà di ti onílé | Ó ń tẹ̀ lé yín |
| Ibi tó bá a mu jù | Ilẹ̀ gbalasa tí ọkọ̀ kì í páàkì sí | Ilé olódi l'Ékòó | Oko, éékà kan lọ sókè |

Ajá wo ni kò yẹ kó wọ ọ́

Bí ajá yín bá jẹ́ Boerboel tàbí Caucasian tó wà fún ṣíṣọ́ ilé, ẹ má ra ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ lọ bá wẹ́lídà, kó bá yín ṣe géètì kékeré sẹ́yìn géètì ńlá, kí ọ̀kan wà ní títì kí wọ́n tó ṣí èkejì. Ajá tí inú bá bí kì í ka iná tó mọ níwọ̀n sí, á la á kọjá, bí ara rẹ̀ bá sì ti balẹ̀ tán níta, iná kan náà ni kò ní jẹ́ kó fẹ́ wọlé mọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì ni yóò jìyà rẹ̀.

Ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ jẹ́ kó dàgbà. Fún Lhasa àti àwọn kéékèèké bíi tirẹ̀, ẹ wọn ìwúwo wọn, ọ̀pọ̀ kọ́là kò sí fún ajá tí kò tó kílò mẹ́ta ààbọ̀. Ajá onírun púpọ̀ nílò irin ṣóńṣó tó gùn kí ó lè kan awọ ara. Ajá tí àrá kan ń lé wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá.

Kò sí èyí tó ń dá àlejò dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ajá ìgboro, olè, ajá tó ní digbòlugi, gbogbo wọn máa wọlé láìsí kọ́là lọ́rùn. Abẹ́rẹ́ digbòlugi ọdọọdún kò ní ìrọ́pò.

Kọ́là àti ìkọ́ni

Ọ̀sẹ̀ méjì ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ yín. Ẹ so okùn mọ́ bẹ́líìtì míràn, ẹ má so ó mọ́ kọ́là oníná. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìró nìkan, iná kò gbọdọ̀ sí. Kó gbọ́ píí, kí ẹ fà á padà, kí ẹ fún un ní ẹran. Géètì ṣíṣí ni ẹ máa fi parí ẹ̀kọ́ náà, ọkọ̀ níta, fèrè ń dún, nítorí pé níbẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà. A lo ọ̀rá ṣàkì kan tán lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kọ́là kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjìlá lọ lọ́rùn ajá lóòjọ́. Ẹ máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn míràn ní wákàtí kan tàbí méjì. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Nínú ooru àti ọ̀rinrin wa, irin tó bá jókòó sójú kan pẹ́ á di egbò, àwọn èèyàn á sì máa rò pé iná ló jó ajá. Tí ẹ bá ń rà á, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ IPX7 sí, ìyẹn èyí tó lè wà lábẹ́ omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30, kò sí gọ́tà Èkó tí yóò bà á lẹ́rù. Ẹ sì yàgò fún èyí tó ní bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀ tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan níbí. Èyí tó ṣeé fi sí ṣájà fóònù ló dára.

Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ọ̀sẹ̀ kẹta ni ajá mi tún já jáde. Mo yẹ ìyá ẹ̀rọ wò, iná wà. Mo yẹ wáyà wò, kò já. Mo wá rí kọ́là lórí bẹ́ǹṣì mégádì, ó fi aṣọ nù ún mọ́ tónítóní.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, èmi ni mo tú u. Bí mo bá ti ń ṣí géètì, ó máa ń wò mí lójú bí ẹni pé èmi ni mo ń gbá a. Mi ò lè gbà á mọ́ra."

Ìjókòó la fi sọ ọ́. Mo yí iná kúrò pátápátá, ó ku ìró àti gbígbọ̀n, mégádì fúnra rẹ̀ sì ń fi eegun dúró dè é lẹ́yìn ilé nígbàkígbà tí fèrè bá dún. Oṣù mẹ́rin nìyí. Kọ́là máa ń dún, Ṣebótimọ á dúró, á wo géètì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, á wá yí padà lọ wá eegun rẹ̀.